Òkun Wọ Àdúgbò Lọ́jọ́ Tí Òjò Kò Rọ̀: A Dáhùn Ìbéèrè Yín

Nígbà tí a kéde pé abala ìbéèrè àti ìdáhùn ti oṣù yìí yóò dá lórí ojú ọjọ́ àti omíyalé ní ìlú etíkun, lẹ́tà tí ó wọlé ju ohun tí ojú ìwé wa lè gbà lọ. Mẹ́fà ni mo mú. Mo gé àwọn kan kúrú, mo sì yọ orúkọ kúrò, ṣùgbọ́n n kò fọwọ́ kan ohun tí ẹni tí ó kọ̀wé ń béèrè.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìrìn ìṣẹ́jú 10 ni ilé wa sí etí òkun. Ní oṣù tí ó kọjá, oòrùn mú ganrínganrín, òjò kò sì rọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n lójú wa báyìí ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti inú gọ́tà, tí ó sì bo òpópónà wa dé kókósẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, omi náà ti lọ pátápátá. Baálé mi ní páìpù omi ni ó bẹ́. Èmi fi ìka kàn án, mo tọ́ ọ wò, iyọ̀ ni mo bá pàdé. Níbo ni omi náà ti wá?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ìyá wa, ẹ má tọ́ omi gọ́tà wò mọ́, nítorí ìgbẹ́ àti àrùn tí ó máa ń wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ṣá, iyọ̀ tí ẹ bá pàdé yẹn ti dáhùn ìlàjì ìbéèrè yín. Òkun ni ó yà yín nílé, kì í ṣe páìpù, bí ẹ bá sì fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún baálé, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́.

Òkun kì í dúró sójú kan. Òṣùpá ń fà á, oòrùn náà ń fà á, ayé sì ń yí bírí, nítorí èyí ni omi etíkun fi máa ń kún tí ó sì máa ń fà. Ní ibi tí ó pọ̀ jù lọ láyé, ó ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí 24 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Ìṣẹ́jú 50 tí ó lé yẹn ni kò jẹ́ kí àkókò ìkún òkun bára mu láti ọjọ́ dé ọjọ́: bí ó bá kún tán ní agogo 12 ọ̀sán òní, yóò di nǹkan bí agogo 1 ku ìṣẹ́jú 10 kí ó tó kún tán lọ́la. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, oòrùn, òṣùpá àti ayé a tò sórí ìlà kan, agbára tí àwọn méjèèjì fi ń fa omi a sì para pọ̀. Ní ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni òkun máa ń kún kọjá ibi tí ó mọ lójoojúmọ́, tí ó sì máa ń fà sẹ́yìn jìnnà. Òṣùpá tún máa ń súnmọ́ ayé ní ẹ̀ẹ̀kan ní nǹkan bí ọjọ́ 27 àti ààbọ̀. Bí ìsúnmọ́ yìí bá bọ́ sí ìgbà àrànmọ́jú tàbí ìgbà tí oṣù lé, ìkún náà a tún ga sí i. Nǹkan bí oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ọ̀sán àti òru bá gùn bákan náà, ni irú ìkún ńlá bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wáyé.

Ẹ wá wo gọ́tà yín. A gbẹ́ ẹ kí omi òjò lè gba inú rẹ̀ lọ sínú òkun tàbí ọ̀sà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni òkun ń gbà wọlé nígbà tí omi rẹ̀ bá ga ju ẹnu gọ́tà lọ. Bí òjò bá wá rọ̀ ní wákàtí yẹn gan-an, omi òjò kò rí ọ̀nà jáde, omi òkun ń wọlé, àwọn méjèèjì a sì pàdé ní iwájú ilé onílé. Ìdí nìyí tí òjò kékeré fi lè ba ilé jẹ́ lọ́jọ́ kan, tí òjò ńlá sì kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Àwọn ìlú kan ń fi ìdérí onírin tàbí onírọ́bà sí ẹnu gọ́tà, èyí tí ń ṣí síta nìkan. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀rá kan ṣoṣo tàbí igi kékeré tí ó bá há sí i lẹ́nu ti sọ ọ́ di ohun ọ̀ṣọ́ lásán.

Bí ọjọ́ náà kò bá bọ́ sí ìgbà àrànmọ́jú tàbí ìgbà tí oṣù lé, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìgbì tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ìjì tí ń jà ní ìsàlẹ̀ gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, a máa rán ìgbì tí ń rin ìrìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ó tó dé ilẹ̀, ẹni tí ó bá sì dúró ní etí òkun lọ́jọ́ tí ó bá dé lè má rí ẹyọ ìkùukùu kan lójú ọ̀run. Mímọ̀ ọ́n kò le. Ẹ fi aago ka àkókò tí ó wà láàárín ìgbì kan àti èyí tí ó tẹ̀lé e. Ìgbì tí atẹ́gùn àdúgbò dá sílẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan síra wọn. Bí àlàfo náà bá dé ìṣẹ́jú àáyá 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àlejò ọ̀nà jíjìn ni, ó sì ń ti omi gun iyanrìn ju bí ojú ti ń rò lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹ wá ìwé tí ń sọ àkókò àti gíga ìkún òkun ní èbúté tí ó súnmọ́ yín jù. Lọ́jọ́ tí omi bá tún yọ, ẹ kọ ọjọ́ náà, agogo náà àti bí òṣùpá ṣe rí lálẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ibi tí omi dé lára ògiri. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ̀yin fúnra yín yóò lè sọ ọjọ́ tí àlejò yìí yóò yà kí ó tó yà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ ìwé, olóòtú. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ kéde nígbà kan pé ìjì tí ń bọ̀ yóò gbé òkun sókè ní mítà 2. Ilé tí a ń gbé fi mítà 3 ga ju òkun lọ. Bàbá mi ní a kò ní lọ sí ibì kankan, pé ẹni tí ó ní mítà 3 kò gbọdọ̀ sá fún mítà 2. Ìjì náà yà sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn wa kò tíì tán. Ta ni ó jàre?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin ni ẹ jàre, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìwé yìí na bàbá lójú, nítorí ìṣirò wọn kò burú, ohun tí wọ́n fi ṣe é ni kò pé. Mítà 2 tí àwọn onímọ̀ ń sọ kì í ṣe láti ìsàlẹ̀. Orí ibi tí òkun bá ti kún dé ní wákàtí náà ni ìjì yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e. Gíga tí a kọ sí ìwé àwòrán ilẹ̀, ẹ̀wẹ̀, sábà máa ń jẹ́ gíga láti àárín méjì ìkún àti ìfà òkun. Ká ní òkun ti fi mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 20 kún ju àárín yẹn lọ kí ìjì tó dé, mítà 2 tí ó gùn ún sọ ọ́ di mítà 3 àti sẹ̀ǹtímítà 20. Omi ti wọlé nìyẹn, a kò sì tíì ka ìgbì, èyí tí ń jó lórí gbogbo rẹ̀ tí ó sì ń fọ́ ilẹ̀kùn.

Ọ̀nà méjì ni ìjì ń gbà gbé òkun sókè. Èkínní kéré: afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè wa ní ìwúwo, ó sì ń tẹ òkun mọ́lẹ̀. Ìwọ̀n ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yìí ní ọjọ́ tí ara tu ayé jẹ́ nǹkan bí mílíbà 1,013. Ní àárín ìjì, afẹ́fẹ́ a fúyẹ́. Fún mílíbà 1 tí ó bá dín, òkun a ga ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 1. Ìjì tí ó bá já a sí mílíbà 963 ti fi ìdajì mítà kún òkun kí ẹ̀fúùfù tó ṣe tirẹ̀. Èkejì ni ó ń pani. Ẹ̀fúùfù ń ti omi lọ sí ilẹ̀, bí ó bá sì fi ìlọ́po méjì yára sí i, agbára tí ó fi ń tì í a di ìlọ́po mẹ́rin. Ibi tí òkun bá ti jìn púpọ̀ nítòsí ilẹ̀, omi tí a ń tì a rí ìsàlẹ̀ gbà padà. Ibi tí kò bá jìn, òkè nìkan ni ó kù fún un. Ìdí nìyí tí etíkun Bangladesh, tí omi rẹ̀ kò jìn tí ilẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́jú pẹrẹsẹ, fi ń rí ohun tí etíkun olókè kì í rí láé. Ìjì ọdún 1970 níbẹ̀ pa ó kéré tán ènìyàn 300,000.

Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 1953, ẹ̀fúùfù láti àríwá ti omi Òkun Àríwá lọ sí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀, ní ibi tí ó ti há láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Netherlands, alẹ́ náà sì bọ́ sí ìgbà ìkún ńlá. Ènìyàn 1,836 kú ní Netherlands, 307 sì kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Rédíò Netherlands kì í sọ̀rọ̀ lóru nígbà náà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn wà lójú oorun nígbà tí ògiri tí ń dá omi dúró wó.

Ìtàn tí mo fẹ́ kí bàbá gbọ́ jù lọ ni ti ìlú Tacloban ní Philippines. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2013, ìjì Haiyan gbé òkun wọ inú ìlú náà, iye ènìyàn tí ìjì náà pa ní orílẹ̀-èdè ọ̀hún sì ju 6,000 lọ. A kìlọ̀ fún wọn. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe ohun tí ń bọ̀, “storm surge”, ni wọ́n fi kìlọ̀, orúkọ náà kò sì yé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn kan sọ lẹ́yìn náà pé ká ní wọ́n sọ fún àwọn pé yóò dà bí ìgbì tí ilẹ̀ mímì ń fà, àwọn ì bá ti sá. N kò fẹ́ ṣe irú àṣìṣe yẹn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí. Òkun yóò kúrò ní àyè rẹ̀. Kò ní wá bí ìgbì tí ó gbá tí ó sì padà. Òkun fúnra rẹ̀ ni yóò ga, yóò rìn wọ ìlú, yóò sì dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nígbà mìíràn kí ẹ̀fúùfù tó le rárá. Bí ọ̀nà ìjáde yín bá gba ibi tí ó rẹlẹ̀ ju ilé yín lọ, ọ̀nà náà ni omi yóò kọ́kọ́ dí.

Bí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ bá tún wáyé, ẹ má bi bàbá bóyá wọ́n ń bẹ̀rù. Ẹ bi wọ́n pé agogo mélòó ni òkun yóò kún, agogo mélòó sì ni ìjì yóò dé. Bí méjèèjì bá súnmọ́ra, kí ìwé ilé, oògùn wọn àti aṣọ òtútù díẹ̀ ti wà nínú báàgì, kí a pa iná láti orísun rẹ̀, kí a ti gáàsì, kí a sì lọ nígbà tí ọ̀nà ṣì gbẹ.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní omíyalé tí ó bá wa ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn jẹ́ èyí tí ń wáyé lẹ́ẹ̀kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣé a lè sinmi nísinsìnyí?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Òkun kì í ka ọdún. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni pé ní ọdún kọ̀ọ̀kan, ìdá 1 nínú 100 ni ó ṣeé ṣe kí omi tó bẹ́ẹ̀ dé, ó sì lè dé ní ọdún méjì tẹ̀léra. Ẹni tí ó bá gbé ilé kan náà fún ọdún 30, ìdá 26 nínú 100 ni ó ṣeé ṣe kí ó rí i. Ìṣirò náà pàápàá ń gbó: láàárín ọdún 1901 sí 2018, òkun ayé ga ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20, nítorí omi tí ó bá gbóná a máa fẹ̀, yìnyín orí ilẹ̀ sì ń yọ́. Láàárín 2006 sí 2018, ó ń ga ní nǹkan bí mìlímítà 3.7 lọ́dún. Orí àtẹ̀gùn tuntun yìí ni ìjì àtijọ́ yóò ti máa fò wọlé.

ÌBÉÈRÈ: A fẹ́ ra ilẹ̀ ní ìlú etíkun kan. Alárinà búra pé omi kò wọ ibẹ̀ rí. Kí ni ká wò kí a tó sanwó?

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ bi alárinà pé láti ìgbà wo ni ó ti mọ ibẹ̀. Ẹni tí ó dé ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn lè búra pẹ̀lú òótọ́ inú, kí ìbúra náà má sì wúlò. Àgbàlagbà tí ilé rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ náà ni kí ẹ wá lọ, pàápàá ẹni tí kò ní jẹ kọ́bọ̀ nínú owó ilẹ̀ náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yan ọjọ́ tí ẹ ó lọ. Má ṣe lọ wo ilẹ̀ etíkun ní ọjọ́ tí ó bá wu alárinà. Ẹ lọ ní ọjọ́ kejì àrànmọ́jú, ní wákàtí tí òkun bá kún tán, kí ẹ sì wo inú gọ́tà àti ẹ̀yìn ilé, nítorí ní ìlú tí ó wà láàárín òkun àti ọ̀sà, ẹ̀yìn, láti ọ̀dọ̀ ọ̀sà, ni omi sábà ń gbà yọ sí ẹni tí ó dojú kọ òkun. Ẹ wo ìlà ẹrẹ̀ àti funfun iyọ̀ lára ògiri àwọn aládùúgbò. Bí omi kànga bá níyọ̀, òkun ti wà lábẹ́ ilẹ̀ náà. Ẹ tún ṣí Google Earth, kí ẹ fa àwòrán ọdún tí ó ti kọjá jáde, kí ẹ sì wo ibi tí etí omi wà nígbà náà. Bí iyanrìn bá ti ń dínkù láti ọdún dé ọdún, ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà ń bọ̀ wá di etí òkun láìpẹ́.

Ilẹ̀ tí a fi iyanrìn kún, ẹ fi ojú méjì wò ó. Ó máa ń rì fúnra rẹ̀ bí ìwúwo ilé bá gùn ún. Ìlú tí ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ ní àfàjù náà ń rì; apá àríwá Jakarta ní Indonesia ti rì tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àdúgbò kan níbẹ̀ fi rẹlẹ̀ ju òkun lọ, ògiri nìkan ni ó sì ń dá omi dúró. Nítorí náà, kí ẹni tí ń wọn ilẹ̀ sọ ọdún tí a wọn gíga ilẹ̀ náà àti ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n. Nọ́ńbà tí kò ní ibi ìbẹ̀rẹ̀ kò sọ ohunkóhun fún yín.

ÌBÉÈRÈ: Nínú ẹgbẹ́ àdúgbò wa, àwọn ọ̀dọ́ ní kí a gbin igi ẹ̀gbà (mangrove) sí etí omi, àwọn àgbà ní ògiri ni kí a mọ. Ẹ bá wa dá sí i.

ÌDÁHÙN: Àdúgbò kan kò lè fi owó ìdáwó mọ ògiri tí yóò dá òkun dúró, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tàn yín. Iṣẹ́ ìjọba ni. Ó sì ń ṣiṣẹ́ bí a bá ṣe é dé ojú àmì. Galveston ní Amẹ́ríkà rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ibi tí ó ga jù nínú rẹ̀ kò fi pé mítà 3. Ìjì oṣù Kẹsàn-án ọdún 1900 gbé òkun kọjá lórí rẹ̀, ó sì pa ó kéré tán ènìyàn 6,000. Ìlú náà parí apá kìíní ògiri rẹ̀ ní 1904, lẹ́yìn náà wọ́n gbé ilé sókè, wọ́n sì rọ iyanrìn sábẹ́ wọn. Nígbà tí ìjì tí ó jọ ti àkọ́kọ́ ní agbára dé ní 1915, iye tí ó kú nínú ìlú kéré jọjọ sí ti ìṣáájú. Ṣùgbọ́n iyanrìn tí ó wà níwájú ògiri náà ti bá omi lọ, nítorí ìgbì tí ó bá kọlu ògiri a máa gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹni tí ilé rẹ̀ sì wà ní ibi tí ògiri parí sí ni yóò jìyà tirẹ̀ àti ti aládùúgbò.

Ti igi ẹ̀gbà, ibi tí omi bá ti parọ́rọ́ díẹ̀, ní etí ọ̀sà tàbí ẹnu odò, ni ó ń hù. Kò ní dúró lórí iyanrìn tí ìgbì ńlá ń gbá. Níbi tí ó bá ti dúró, igbó rẹ̀ tí ó fẹ̀ tó mítà 100 lè dín gíga ìgbì kù ní ìwọ̀n tí ó hàn sójú. Ní ti òkun tí ìjì gbé dìde, igbó tí ó fẹ̀ ní kìlómítà ni ó lè dín in kù, kì í ṣe ìlà igi méjì. Mo fara mọ́ àwọn ọ̀dọ́ fún etí ọ̀sà yín. Fún iwájú òkun, ẹ jọ kọ̀wé sí ìjọba, kí ẹ sì kọ́kọ́ bẹ àwọn tí ń kó iyanrìn etí òkun fún iṣẹ́ ilé pé kí wọ́n dáwọ́ dúró.

ÌBÉÈRÈ: Omi tí ó bo ọ̀nà wa kò dé orúnkún. Ṣé mo lè wa ọkọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá?

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe é. Omi tí ń ṣàn tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Sẹ̀ǹtímítà 30 ń gbé ọkọ̀ kékeré, 60 sì ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tí a ń wà. Ẹ kò tún lè mọ̀ bóyá ọ̀dà ṣì wà lábẹ́ omi náà tàbí ó ti wó lọ. Bí ó bá jẹ́ ìkún òkun lásán ni ó bo ọ̀nà, yóò fà láàárín wákàtí díẹ̀: ẹ wo ìwé ìkún òkun, ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tí ó ga, kí ẹ sì dúró. Bí omi iyọ̀ bá ti kàn án, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ abẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, ní pàtàkì búréèkì àti ibi tí wáyà iná gbà.